Ìmọ̀ràn Tí Wọ́n Wá Lẹ́yìn Ìpinnu

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí kò fi ìgbà kankan sọ pé àgbà gbọ́n. Ohun tó ń sọ ni pé àgbà tó bá fẹ́ kí orúkọ òun dúró, kó máa tọrọ ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìjọba, kò sí èyí tí àìtọrọ ọgbọ́n ti ń pa ènìyàn tó ti ogun. Bí ìjọba bá ṣìnà lórí owó orí, wọ́n lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá la títì síbi tí kò yẹ, wọ́n lè pa á tì kí koríko hù bò ó. Ọmọ tí wọ́n rán lọ sójú ogun tí kò bọ̀ ńkọ́?

Síbẹ̀, àwọn olórí tó kó ìlú wọn sógun tí kò nídìí ní ìgbìmọ̀ dáadáa. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n kọ̀wé, wọ́n fọwọ́ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìbéèrè, tí ìpàdé wá di ibi tí wọ́n ti ń wá aṣọ wọ̀ fún un.

Ọ̀yọ́ Ilé jìyà irú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, àṣà ni kí wọ́n bi Aláàfin tuntun léèrè pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, kí ogun àkọ́kọ́ lè dojú kọ ẹni náà. Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ kò dára. Ẹni tí a bá bi pé ta ni ọ̀tá rẹ̀ kò ní ṣàì rí ẹnìkan dárúkọ. Nígbà tí wọ́n bi Aólẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Baálẹ̀ Àpòmù ló dárúkọ. Kí ni Baálẹ̀ ṣe? Nígbà tí Aólẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọba tó ń ṣòwò kiri, ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú ní Àpòmù. Baálẹ̀ ní kí wọ́n nà án, nítorí Abíọ́dún tó wà lórí oyè nígbà náà ti pàṣẹ pé kí wọ́n má gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa jí ènìyàn tà. Ẹni tó pa àṣẹ Ọ̀yọ́ mọ́ ni Ọ̀yọ́ wá fẹ́ gbógun tì. Baálẹ̀ sá lọ sí Ifẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbẹ̀mí ara rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Aólẹ̀ tún fẹ́ fi ogun bọ́ lọ́wọ́ Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ó ní kí wọ́n lọ kọlu Ìwéré-Ilé, ìlú tí ohun ìjà ayé ìgbà yẹn kò lè ràn, nígbà tí òfin Kakaǹfò sì jẹ́ pé láàárín oṣù mẹ́ta, kó ṣẹ́gun tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwọn ọmọ ogun gbọ́ ohun tó wà nídìí iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn, wọ́n sì yí ìjà padà sí ẹni tó rán wọn. Igbá òfìfo tí wọ́n dé lómorí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Aláàfin, ó sì mọ ohun tí wọ́n wí. Ọ̀yọ́ kò padà gún régé mọ́ títí tó fi túká.

Bí ẹnìkan bá ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn, pé ayé ti lajú, kó wo Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1961, John Kennedy dé orí àga ààrẹ, ó sì bá iṣẹ́ kan tí Eisenhower bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọ Kúbà tó sá kúrò nílé, bí 1,400, ni CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ń kọ́ ní ogun jíjà ní Guatemala kí wọ́n lè lọ gba ìlú lọ́wọ́ Fidel Castro. Allen Dulles àti Richard Bissell, àwọn ọ̀gá CIA, ló ṣe ètò náà, àwọn náà ló sì ń sọ fún ààrẹ bóyá yóò yọrí sí rere. Ẹni tó ń ta ẹja ni wọ́n ń bi pé ṣé ẹja rẹ̀ kò tíì rà.

Wọ́n kúkú ní kí àwọn ọ̀gá ológun yẹ ètò náà wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó yọrí. Ọ̀gágun tó wà nídìí àyẹ̀wò náà wá ṣàlàyé lẹ́yìn ogun pé ohun tó wà lọ́kàn òun ni ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgbọ̀n péré! Iye yẹn kò sí nínú ìwé tó dé iwájú ààrẹ, ààrẹ náà kò sì béèrè pé èló ni.

Nígbà tó ku bí oṣù kan, Kennedy ní ibi tí wọ́n fẹ́ gúnlẹ̀ sí, ìyẹn etí òkun ìlú Trinidad ní gúúsù Kúbà, ti hàn sí gbangba jù. Ọjọ́ mélòó kan ni CIA fi wá ibòmíràn: Bahía de Cochinos, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Matanzas lónìí. Ní Trinidad, bí ọwọ́ ogun bá le, àwọn ọmọ ogun lè sá gun òkè Escambray kí wọ́n máa jà láti inú igbó. Ní ibùdó tuntun yìí, àbàtà Zapata ló wà láàárín wọn àti òkè náà, nǹkan bíi 130 kìlómítà. Kennedy ṣì ń fọkàn tán an pé ọ̀nà òkè wà. Kò sí ẹni tó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú rẹ̀, kó fi ìka tọ́ ọ fún un.

Àwọn tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dára wà nínú ilé. Arthur Schlesinger, olùdámọ̀ràn ààrẹ, kọ̀wé sí i pé kó má dán an wò. Tí ìpàdé bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a wúwo. Níbi àríyá kan, Robert Kennedy, àbúrò ààrẹ, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n ààrẹ ti pinnu, kó má ti ọ̀rọ̀ náà síwájú mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, Sẹ́nétọ̀ William Fulbright sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé ètò náà kò tọ́, kò sì bọ́ sí i. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, Castro kì í sì í ṣe arọ. Ìwé ìròyìn New York Times ti kọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú pé àwọn kan ń gbára dì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin wọ́n gúnlẹ̀, nígbà tí yóò fi tó ọjọ́ mẹ́ta, ó ti parí. Ènìyàn 114 kú nínú wọn, àwọn tó ju 1,100 lọ di ẹni tí wọ́n mú. Oúnjẹ àti oògùn tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 53 dọ́là ni wọ́n fi gbà wọ́n sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1962.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ Kúbà yẹ fún àgbéyẹ̀wò ni pé Kennedy kan náà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn kan náà, tún jókòó lórí Kúbà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ òfuurufú ti ya àwòrán mísáìlì Sófíẹ́ẹ̀tì lórí erékùṣù náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ 16, ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni pé kí wọ́n lọ fi bọ́ǹbù fọ́ ibẹ̀. Ká ní ọ̀nà 1961 ni wọ́n tún tọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó parí sí bẹ́ẹ̀. Kennedy ń kúrò nínú ìpàdé nígbà mìíràn kí ẹnu lè tú, nítorí ó ti rí i pé bí ọba bá ti wà níjòkòó, ìrísí ojú rẹ̀ ni àwọn ìjòyè ń wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ tó pa ẹnu Schlesinger mọ́ lọ́dún tó kọjá, òun àti Theodore Sorensen ni iṣẹ́ wá já lé lọ́wọ́ láti máa tú ìdí gbogbo àbá. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n kọ ètò wọn sílẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ìwé kí tibí lè wá àṣìṣe tọ̀hún.

Wọ́n tún fún ẹni tó mọ ọ̀tá láyè. Llewellyn Thompson ti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Moscow, ó mọ Nikita Khrushchev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, lójúkojú. Ní ọjọ́ 27, nígbà tí Kennedy rò pé Khrushchev kò lè yí ohùn padà mọ́, Thompson sọ fún un pé èrò òun kò bá ti ààrẹ mu, pé ọkùnrin náà ń wá ọ̀nà tí yóò gbà kúrò tí ojú kò fi ní tì í ni. Ó sọ ọ́ sí ààrẹ lójú. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi dí ọ̀nà Kúbà, wọ́n sì ṣe àdéhùn bòókẹ́lẹ́ pé Amẹ́ríkà yóò kó mísáìlì tirẹ̀ kúrò ní Tọ́kì. Ní ọjọ́ 28, ó parí.

Ènìyàn kò gbọ́dọ̀ yìn wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Amẹ́ríkà rò pé àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì tó wà ní Kúbà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Wọ́n ju 40,000 lọ. Àwọn ohun ìjà nùkílíà kéékèèké tí wọ́n lè yìn lu ẹnikẹ́ni tó bá gúnlẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀, Washington kò sì mọ̀. Ká ní wọ́n ti tẹ̀lé àwọn ọ̀gágun tó ní kí wọ́n kọlu ibẹ̀ ni, ohun tí wọn kò mọ̀ yìí ni wọn ì bá rìn wọ̀. Iyèméjì tí wọ́n gbà láyè nínú ìpàdé ló ra àkókò fún wọn.

Ẹjọ́ Ìráàkì tún wà, ó sì gùn gan-an. Ìgbìmọ̀ tí John Chilcot darí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, ìgbà tó sì di ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2016 ni ìwé wọn jáde, ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù 2.6. Ta ló fẹ́ kà á tán? Ẹni tó bá wo ọjọ́ méjì nínú ìtàn náà ti rí gbòǹgbò rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2002, olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé láti Washington, ó jábọ̀ fún Tony Blair, olórí ìjọba ibẹ̀, pé lọ́dọ̀ àwọn ará Washington, ogun ti di dandan, ẹ̀rí ni wọ́n ń tò yí ìpinnu ká. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Blair kọ̀wé sí George Bush pé òun wà lẹ́yìn rẹ̀, bó ti wù kó rí, kó tó wá máa to àwọn ìṣòro tó wà nílẹ̀ sísàlẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2003 ni ogun tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìpàdé àti ìbò tó wà láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ìdáhùn ti ṣáájú wọn.

Nígbà tí ìdáhùn bá ti ṣáájú, ojú a máa fọ́ sí ohun tí ọmọ ilé ìwé ìbá rí. Bush sọ ní oṣù Kìíní ọdún 2003 pé Saddam Hussein ń wá yùréníọ̀mù rà ní Áfíríkà. Niger ni wọ́n ń sọ, ará ilé wa níhìn-ín. Wọ́n ti rán Joseph Wilson, tó ti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà rí, lọ sí Niamey ní oṣù Kejì ọdún 2002, ó sì padà wá sọ pé kò jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé kan wá jáde tó ní Niger fẹ́ ta 500 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n fi ìwé náà lé àjọ àgbáyé tó ń mójú tó nùkílíà lọ́wọ́ ní Vienna, wákàtí díẹ̀ ló gbà wọ́n láti mọ̀ pé ayédèrú ni. Lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tó ní ọjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2000 lórí, ẹni tó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Niger ti kúrò nípò náà láti 1989. Orúkọ mínísítà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Mohamed ElBaradei, ọ̀gá àjọ náà, sọ ọ́ ní gbangba ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta. Bọ́ǹbù sì ń bọ́ lu Baghdad kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ tí Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, sọ níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, pé Ìráàkì ní ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ti ń po ohun ìjà àrùn nínú rẹ̀, ẹnu ọkùnrin kan tó sá wá sí Jámánì ló ti wá ní pàtàkì. Kì í tilẹ̀ ṣe pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Àwọn ará Jámánì ló ń ta á látagbà, wọ́n sì kìlọ̀ pé ọkùnrin náà kò dájú. Ní 2011, ó jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa.

Àwọn aṣòfin ńkọ́? Nítorí pé àwọn kan nínú wọn béèrè, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà kó ohun tí wọ́n mọ̀ jọ sínú ìwé bí ojú ewé 90, láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àtakò wà nínú rẹ̀: àwọn amòye ẹ̀ka agbára sọ pé àwọn ọ̀pá alumíníọ̀mù tí wọ́n ní ti nùkílíà ni, rọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n wà fún. Wọ́n ti ìwé náà mọ́ yàrá kan kí àwọn aṣòfin lè wá kà á. Ìwé ìròyìn Washington Post ròyìn lẹ́yìn náà pé àwọn sẹ́nétọ̀ tó lọ kà á tán kò ju mẹ́fà lọ. Bob Graham wà nínú àwọn tó kà á, ó sì dìbò pé rárá. Ìbò sẹ́nétọ̀ tó fọwọ́ sí ogun jẹ́ 77 sí 23. Ojú ewé àádọ́rùn-ún kò ju kíkà ìrọ̀lẹ́ méjì lọ fún ẹni tó fẹ́ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun.

Ọ̀gágun Eric Shinseki sọ fún àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì pé láti di Ìráàkì mú lẹ́yìn ogun, ọmọ ogun yóò tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan ẹgbẹ̀rún. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, igbákejì mínísítà ààbò, Paul Wolfowitz, ní iye náà jìnnà sí òótọ́. Ìyẹn ti tó fún ẹni tó kù tó fẹ́ lanu. Baghdad ṣubú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, àwọn jàǹdùkú kó ilé ìjọba, ilé ìwòsàn àti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lọ, ọmọ ogun tó máa dá wọn dúró kò tó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, Paul Bremer, ẹni tí Amẹ́ríkà fi ṣe olórí ní Ìráàkì, fi ìwé kan ṣoṣo tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìráàkì ká, ọkùnrin tó ju 300,000 lọ, tí wọ́n ní ìbọn nílé tí wọn kò sì ní owó oṣù mọ́. Ohun ìjà tí wọ́n torí rẹ̀ lọ kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bí 4,500 àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 179 kú. Àwọn aráàlú Ìráàkì tó kú ju 100,000 lọ. Ohun tí Chilcot sọ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni pé wọn kò tíì lo gbogbo ọ̀nà àlàáfíà tán kí wọ́n tó fi ogun bọnu.

Niger tún jáde nínú ọ̀rọ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, Nàìjíríà ló sì kàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ò tíì pé oṣù kan gẹ́gẹ́ bí alága ECOWAS. Ní ọjọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Àbújá, wọ́n fún àwọn ológun náà ní ọjọ́ méje, wọ́n ní bí wọn kò bá gbé Bazoum padà, àwọn lè lo agbára. Wọ́n ti ẹnu ibodè, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná, nígbà tó jẹ́ pé bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iná Niger, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lọ.

Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀dùn ọkàn ECOWAS yé ènìyàn. Ìdìtẹ̀gbàjọba ti fẹ́ di àrùn tó ń ràn káàkiri. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó dá ọjọ́ méje? Ẹnu ààlà Nàìjíríà àti Niger ju 1,500 kìlómítà lọ, ìpínlẹ̀ méje ló sì bá a pààlà, láti Kebbi dé Borno. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà: ẹ̀yà kan náà, ẹbí kan náà ló wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ìwé òfin ọdún 1999, abala karùn-ún, ní ààrẹ kò gbọ́dọ̀ kéde ogun láìjẹ́ pé ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí i, kò sì gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà nílẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbà.

Ààrẹ kọ̀wé sí wọn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ. Àwọn sẹ́nétọ̀ apá àríwá ti ń pariwo ìpínlẹ̀ méje yẹn. Ní ọjọ́ 5, ilé ní kí ààrẹ àti àwọn olórí yòókù máa bá ọ̀nà òṣèlú àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ. Gbèdéke pé ní ọjọ́ 6, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí ni ibi tó dára nínú ìtàn náà: ìgbìmọ̀ tó lè sọ pé rárá wà, wọ́n sì sọ ọ́. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìlérí ogun ti jáde lẹ́nu ní ọjọ́ márùn-ún kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ológun Niamey rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì fìdí jókòó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso kéde pé àwọn kò ṣe ECOWAS mọ́. Nígbà tí ECOWAS fi máa ká èyí tó pọ̀ jù nínú ìjẹníyà náà kúrò ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ẹṣin ti fi ilé sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n jáde tán.

Abala karùn-ún sọ̀rọ̀ nípa kíkéde ogun àti rírán ọmọ ogun. Kò sọ nǹkan kan nípa ààrẹ tó bá fi ogun halẹ̀ ní orúkọ Nàìjíríà nínú ìpàdé ECOWAS. Ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin lè fi ọwọ́ bà. Kí ìgbìmọ̀ wọn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ti ààbò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní bòókẹ́lẹ́ kí gbèdéke tó jáde, kí àwọn sẹ́nétọ̀ láti Sókótó, Katsina àti Borno lè sọ ní ọjọ́ kìíní ohun tí wọ́n wá ń pariwo rẹ̀ nígbà tí gbèdéke ti fẹ́ pé.